Ìwé ìdíyelé wo lẹ máa ń mú dání tẹ́ ẹ bá ń lọ ra ìbọn àtijọ́?

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ kọ:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ. Ìbéèrè kan ni mo ní, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó bí i.

Ọdún kejì rèé tí mo ti wọ ọ̀rọ̀ ìbọn àtijọ́. Ìwé ìdíyelé tí mo ní nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, ojú-ewé rẹ̀ lé ní 2,000, torí náà ilé ló máa ń wà. Lóṣù tó kọjá, níbi tí wọ́n ti pàtẹ ẹrù àtijọ́, mo rí Colt Navy 1851 kan, ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ ń yí. Ẹni tó ń tà á ní ipò rẹ̀ "dáa gan-an", pé iye tí òun ń pè, inú ìwé lòun ti rí i. Mo ná an, ó yọ díẹ̀ fún mi, mo sanwó. Mo délé, mo ṣí ìwé mi. Ọkùnrin náà kò purọ́: iye yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ìbọn tí àwọ̀ aró ilé-iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀ ni wọ́n kọ iye yẹn sí. Èyí tí mo gbé wálé, wọ́n ti fi pépà oníyanrìn ha á, wọ́n sì ti pa á láró tuntun. Lẹ́tà orí ọ̀pá rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, etí irin tó yẹ kó mú ti di róbótó.

Ó dùn mí débi pé mi ò tíì gbé e sórí pẹpẹ pẹ̀lú àwọn tó kù. Ẹ jọ̀ọ́, ìwé kékeré wo ló wà tó ṣeé kì bọ àpò? Àbí orí fóònù lẹ̀yin ń wò ó?

Ẹ̀tù_Dúdú fèsì:

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò. Kò sí ẹni tó pẹ́ nínú nǹkan yìí tí irú ẹ̀ ò tíì ṣe rí.

Fóònù lèmi ń lò. Mo ra ẹ̀dà ìwé náà tó ṣeé kà lórí fóònù, mo tẹ orúkọ ìbọn, ó gbé ojú-ewé wá. Ohun tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ jù ni pé mo tún lè wo iye tí wọ́n ta irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ní gbàǹjo lẹ́nu oṣù mélòó kan. Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún: ẹ gbà á sínú fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Inú gbọ̀ngàn ńlá tí èrò kún fọ́fọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró, ojú ọjà kọ́ lèèyàn ti ń dúró kí nǹkan máa yí bírí lójú fóònù.

Bàbá_Kápù fèsì:

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ, mo kà á, ó sì ká mi lára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtóbi ìwé ló ṣe ọ́ léṣe. Bó o bá tiẹ̀ gbé ìwé ńlá náà lọ́jọ́ yẹn, o ṣì máa ra ìbọn náà, torí iye lo máa wò. Iye ló sì yẹ kó o wò kẹ́yìn.

Ìwé tó bá kéré tó àpò, wọ́n ti yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀ kó tó kéré bẹ́ẹ̀. Kí ni wọ́n máa ń yọ? Àwọn ẹ̀yà tó wà lábẹ́ orúkọ kan náà ni. Wo Navy 1851 tìrẹ yìí. Èyí tí wọ́n ṣe ní Hartford, ní Amẹ́ríkà, tó nǹkan bí 215,000. Àwọn kan tún wà tí ilé-iṣẹ́ Colt ṣe ní London láàárín 1853 sí 1856, wọ́n tó nǹkan bí 42,000. Nínú ti Hartford gan-an, nǹkan bí 4,000 àkọ́kọ́ ni irin tó yí ibi tí à ń fà ká ní igun lẹ́yìn bí etí àpótí. Àwọn tó tẹ̀ lé e, tiwọn rí roboto. Ẹni tó bá rí onígun tó jẹ́ ojúlówó, owó ńlá ló rí. Ìwé àpò lè fi ìlà kan ṣoṣo parí gbogbo rẹ̀: "Navy 1851," iye kan, ó tán.

Èyí témi ń ṣe nìyí. Mo mọ irú ìbọn tí mò ń wá, wọn ò ju mẹ́rin lọ. Mo ṣe fọ́tòkọ́pì ojú-ewé tó sọ̀rọ̀ nípa wọn nínú ìwé ńlá, mo sì gán an mọ́ inú ìwé kékeré kan tí mo ra fún ìkọ̀wé. Kò ju ojú-ewé ogún lọ. Ojú-ewé àkọ́kọ́ tí mo lẹ̀ mọ́ iwájú, kò sí iye kankan nínú rẹ̀, àlàyé ipò ìbọn ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé náà ṣófo, ibẹ̀ ni mo ń kọ ohun tí mo bá rí sí: ọjọ́, nọ́ńbà ara ìbọn, ipò rẹ̀ lójú tèmi, iye tí wọ́n pè, iye tí wọ́n tà á. Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé. Bí ilé bá fẹ́ jóná, ìwé ìdíyelé tí mo máa sáré gbé nìyẹn.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ fèsì:

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Àlàyé ipò tẹ́ ẹ sọ yẹn, mo rí i nínú ìwé mi, ṣùgbọ́n mo fò ó. Mo rò pé mo mọ ohun tí "dáa" túmọ̀ sí.

Bàbá_Kápù fèsì:

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ìwé ń tẹ̀ lé ni ti NRA, ẹgbẹ́ àwọn oníbọn ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ṣe fún ìbọn àtijọ́ nìkan. Ti ìbọn ìgbàlódé yàtọ̀. "Excellent" ni ìbọn tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ jẹ́ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, tí àwọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣì wà lára rẹ̀ lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. "Fine" ni kí ó lé ní ìdá 30. "Very Good" ni láti orí òfo dé 30. Wò ó dáadáa: ìbọn tí kò ní àwọ̀ ilé-iṣẹ́ kankan mọ́ lára lè jẹ́ "Very Good," bí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ bá jẹ́ tirẹ̀, tí irin rẹ̀ ń dán, tí etí rẹ̀ mú, tí lẹ́tà rẹ̀ sì hàn. Bí inú ọ̀pá rẹ̀ ṣe rí, wọn ò tiẹ̀ kà á sí fún ẹni tó ń kó ìbọn jọ nípò yẹn.

"Good" wá ńkọ́? Bí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ̀yà kékeré díẹ̀, bí ìpata ti jẹ irin rẹ̀ níbì kan, bí wọ́n ti fọ̀ ọ́, bí wọ́n ti pa á láró tuntun, tí igi rẹ̀ sì ti sán díẹ̀ tí wọ́n tún un ṣe, "Good" ṣì ni. Lẹ́nu wa, "ó dáa" jẹ́ ìyìn. Nínú ìwé, "Good" wà nísàlẹ̀. "Fair" àti "Poor" nìkan ló kù lábẹ́ rẹ̀. Ìbọn tìrẹ yẹn, tí lẹ́tà rẹ̀ ń parẹ́ lọ tí etí rẹ̀ ti di róbótó, bí ìwé bá ṣàánú rẹ̀, ó wà láàárín "Good" sí "Fair." Iye tó o san, ti "Fine" ni. Láàárín ipò méjèèjì, owó lè di ìlọ́po méjì, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá_Gbàǹjo fèsì:

Bàbá Kápù ti là á mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ti owó kún un, torí ilé gbàǹjo ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Iye inú ìwé kì í ṣe òfin. Iye tí ẹni tó mọ ìbọn yóò san fún ẹni tó mọ ìbọn, tí kánjúkánjú kò sí nínú ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, ni wọ́n gbìyànjú láti kọ. Oníṣòwò tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín kò ní san iye yẹn, òun náà ní láti jèrè. Iye gbàǹjo tẹ́ ẹ sì ń rí lórí fóònù, ẹ wò ó bóyá owó tí ilé gbàǹjo ń gbà lórí ọjà ti wà nínú rẹ̀ tàbí kò tíì sí. Mo ti rí ẹni tó fi iye tí wọ́n lu ìbọn ní gbàǹjo nìkan ṣètò owó rẹ̀, ìgbà tó fẹ́ sanwó ló wá mọ̀ pé owó tiwọn ṣì ń bẹ níwájú.

Ẹ tún wo ọdún tí wọ́n tẹ ìwé yín. Ẹlòmíì ń fi ìwé ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ná ọjà òní. Ìwé tó ti pẹ́ ṣì wúlò púpọ̀ fún dídá ìbọn mọ̀, torí ìbọn 1851 ò yí padà. Iye ló ń yí.

Èmi ò sì ń fi ìwé mi pamọ́. Mo máa ń ṣí i síwájú ẹni tó ń tà, kí àwa méjèèjì jọ kà á.

Ẹ̀tù_Dúdú fèsì:

Ẹ má bínú, Ìyá, mi ò fara mọ́ èyí tẹ́ ẹ fi parí yẹn. Bí mo bá ti ṣí ìwé síwájú wọn, ìka wọn á ti bọ́ sórí òpó tí owó rẹ̀ pọ̀ jù, kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo máa ń yà sẹ́yìn, mo kà á tán, mo padà wá.

Ìyá_Gbàǹjo fèsì:

Ó yé mi. Ṣùgbọ́n iye kọ́ ni mo máa ń ṣí sí, ojú-ewé ipò ni. Mo á béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ipò wo lẹ fi í sí?" Bó bá ní "Fine," a jọ ka ohun tí "Fine" jẹ́, a sì jọ wo ìbọn náà. Olóòótọ́ lèyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Wọn ò tíì ka ojú-ewé yẹn rí ni, bíi ti Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti fúnra wọn sọ iye wálẹ̀ kí n tó la ẹnu.

Bàbá_Kápù fèsì:

Tìyá ni mo gbè. Ẹ bá mi fi èyí sínú ìwé yín pẹ̀lú: bí mo ṣe ń yẹ Colt Navy wò nìyí, kí n tó wo iye rárá.

Mo á kọ́kọ́ tọrọ àyè kí n tó fọwọ́ kàn án. Mo á wá gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ló yẹ kó wà lára ọ̀pá, lára férémù, lára irin ibi tí à ń fà, lára irin ìdí rẹ̀, àti lára ilé ọta. Mo á ka gbogbo wọn, mi ò kì í gba ẹnu onítọ̀hún gbọ́. Àwòrán ogun ojú omi kan wà yíká ilé ọta náà, ogun tó wáyé lọ́jọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 1843. Wọ́n kọ ọjọ́ náà síbẹ̀. Ara ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ parẹ́. Bí mo bá ṣì rí ọkọ̀ ojú omi àti okùn ìgbòkun rẹ̀, inú mi á ti máa dùn. Bí ó bá ń dán bíi abọ́, mo ti mọ ibi tí mo wà.

Lẹ́yìn náà, sukúrù. Ibi tí wọ́n ń ki irin bọ̀ lórí rẹ̀, ṣé ó dúró gbọọrọ ni, àbí ó ti fẹ̀, ó ti ya ẹnu? Èyí tó ya ẹnu, ẹnì kan ti tú u láìní irinṣẹ́ tó bá a mu.

Àwọ̀ aró ló kẹ́yìn. Ẹ wo abẹ́ ọ̀pá tí wọ́n fi ń ti ọta wọlé, níbi tí ọwọ́ kì í dé. Ibẹ̀ ni àwọ̀ ìpilẹ̀ṣẹ̀ máa ń sá pamọ́ sí. Lára ìbọn tí wọn ò pa láró tuntun, ibi tí ọwọ́ ń dé á ti ṣí, kọ̀rọ̀ á ṣì dúdú. Bí àwọ̀ náà bá rí bákan náà níbi gbogbo, tí ó tún wà nínú ihò tí ìpata jẹ, ìpata ti jẹ ẹ́ kí wọ́n tó pa á láró nìyẹn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí àwọ̀ aró nínú ihò ìpata yìí, torí kò sí ọ̀rọ̀ dídùn tó lè tú u palẹ̀.

Akọ́wé_Òǹtẹ̀ fèsì:

Ẹ má gbàgbé àdàmọ̀dì o. Láti òpin àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà Colt Navy ní Ítálì. Wọ́n ò ṣe é láti fi tan ẹnikẹ́ni, fún ẹni tó fẹ́ fi yìnbọn ni. Ẹlòmíì ló ń pa lẹ́tà ara rẹ̀ rẹ́, tó ń fi nǹkan kíkan jẹ irin náà títí tó fi máa dà bíi ti àtijọ́. Ẹ wá òǹtẹ̀ PN tí ìràwọ̀ wà lórí rẹ̀, ìyẹn òǹtẹ̀ ìdánwò ẹ̀tù dúdú ti Ítálì. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ pa ìwé ìdíyelé ìbọn àtijọ́ dé. Bẹ́ ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti ha irin jinlẹ̀ níbi tí òǹtẹ̀ yẹ kó wà, ẹ tún wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Torí náà ni mo ṣe ń fi ojú-ewé òǹtẹ̀ kan sínú ìwé àpò mi. Ó máa ń sọ ọjọ́ orí ìbọn. Àpẹẹrẹ kan: òǹtẹ̀ ELG ti ìlú Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù, ọdún 1893 ni wọ́n fi adé lé e lórí. Ìbọn tí wọ́n ní ó jẹ́ ti 1850 tí òǹtẹ̀ rẹ̀ sì dé adé, a máa ní láti bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Ajogúnbá fèsì:

Ẹ dákun, mo bá ẹnu yín wọlé. Bàbá bàbá mi fi Winchester 1873 kan, ìbọn gígùn ti Amẹ́ríkà, sílẹ̀ fún wa. Mo wo ìwé ìdíyelé ní ilé ìkàwé, iye tí mo rí nípò tó ga jù wú mi lórí. Ìbọn náà ti dúdú, ó sì rí bíi ẹni tó ní ìpata díẹ̀. Mo fẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́ kó lè dé ipò yẹn kí n tó tà á. Epo wo ló dáa?

Ìyá_Gbàǹjo fèsì:

Ẹ dákun, ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì yẹn sílẹ̀! Dúdú tẹ́ ẹ rí yẹn, ọdún tó ju ọgọ́rùn-ún lọ ló kó o jọ, òun gan-an ni ẹni tó fẹ́ rà á ń wá. Ẹ ò lè fi fífọ̀ gun òkè nínú ìwé ìdíyelé, ìsàlẹ̀ nìkan ló ń gbéni lọ. Epo fẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ lórí aṣọ rírọ̀, ó tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá_Kápù fèsì:

Mo ti dìde lórí ìjókòó nígbà tí mo ka "búrọ́ọ̀ṣì onírin." Ẹ ṣeun, Ìyá.

Ajogúnbá, nọ́ńbà rẹ̀ wà lára irin ìrù rẹ̀ nísàlẹ̀, lẹ́yìn ibi tí à ń fà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ Winchester wà ní Cody Firearms Museum, ní Wyoming, ní Amẹ́ríkà. Bí nọ́ńbà tiyín bá wà lára èyí tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kù, ẹ lè sanwó kí wọ́n kọ lẹ́tà sí yín nípa bó ṣe rí nígbà tó kúrò ní ilé-iṣẹ́. Ẹni tó mọ nǹkan á san owó tó jọjú lórí irú lẹ́tà yẹn.

Èyí tí wọ́n ṣe nínú 1873 lé ní 700,000, kò ṣọ̀wọ́n. Ipò rẹ̀ àti ohun àkànṣe tí ẹni àkọ́kọ́ ní kí wọ́n fi sí i ló ń gbé owó rẹ̀ sókè. Wọ́n sì ṣe é kọjá 1898 dáadáa. Lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti 1968, ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ti àtijọ́. Nítorí náà, Winchester 1873 méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì, kí òfin má fi ojú kan náà wò wọ́n. Nọ́ńbà ló ń là á. Ẹ béèrè òfin ibi tẹ́ ẹ wà kẹ́ ẹ tó tà á.

Ẹ̀tù_Dúdú fèsì:

Ohun kan ṣì kù tí ẹnì kankan ò tíì sọ. Ṣakabùlà àti gbogbo ìbọn tí wọ́n ń ti ẹnu kì, ẹ má rò pé ó ṣófo torí pé ó dàgbà. Wọ́n máa ń bá ẹ̀tù àti ọta nínú wọn lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọn inú ọ̀pá rẹ̀ láti ẹnu, ẹ fi àmì sí ibi tó dé, kẹ́ ẹ wá gbé igi náà sí ìta ọ̀pá. Bí orí igi ò bá dé ibi ihò tí iná ń gbà wọlé, nǹkan wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ. Igi yẹn wà nínú àpò mi pẹ̀lú fóònù mi nígbà gbogbo.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ fèsì:

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, mo padà wá jábọ̀.

Mo ṣe ìwé àpò náà: ojú-ewé mẹ́rìndínlógún, ojú-ewé ipò níwájú, òǹtẹ̀ lẹ́yìn. Lánàá mo rí Colt Army 1860 kan. Mo bi obìnrin tó ń tà á pé ipò wo ló fi í sí, ó ní "Very Good." Mo tọrọ àyè, mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Etí irin rẹ̀ mú. Àwọ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára ọ̀pá, ṣùgbọ́n abẹ́ ọ̀pá tí wọ́n fi ń ti ọta wọlé dúdú bíi òru. Sukúrù kan péré ló ya ẹnu. Mo rí okùn ìgbòkun! Ọkọ̀ kan ti parẹ́, àwọn tó kù hàn. Mo ka nọ́ńbà níbi márùn-ún, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ìṣó pẹlẹbẹ tó de ọ̀pá mọ́ ara ìbọn nìkan ni nọ́ńbà tirẹ̀ yàtọ̀. Mo wá ṣí ojú-ewé iye. Ohun tó ń pè fi díẹ̀ dín sí ti ìwé. Ẹ̀rù ìṣó yẹn bà mí, torí "gbogbo ẹ̀yà ìpilẹ̀ṣẹ̀" ni mo kà, mo sì kúrò níbẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ìwé. Ọ̀la ni pàtẹ náà máa parí.

Bàbá_Kápù fèsì:

Ọmọ mi, ìṣó yẹn ni wọ́n máa ń yọ nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ fọ ìbọn náà, òun ló sì máa ń sọnù jù. Ó ń dín owó kù díẹ̀, kò sọ ìbọn di àdàmọ̀dì. Fi nọ́ńbà ìṣó náà han obìnrin yẹn, kó yọ díẹ̀ sí i torí rẹ̀. Tètè jí lọ́la.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ fèsì:

Ó yọ ọ́. Ó wà lórí pẹpẹ.